Síìlì Mẹ́ta, Nọ́ọ̀tì Kan

Ọkọ̀ náà wọ ọgbà mẹkáníìkì wa n'Íbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹfà, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. A ò tíì kí Màmá tó ni ín tán tí wọ́n ti ṣí búùtù, tí wọ́n fa páálí kan yọ. "Ẹ wá wo ohun tó sùn sábẹ́ mọ́tò mi mọ́jú," wọ́n ní. Ọ́ìlì dúdú ti rin páálí náà gbingbin, ojú ibi tó rin fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Wọ́n ní bó ṣe ń rí lárààárọ̀ nìyẹn, pé àwọn ń bu tó lítà kan kún un ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, àti pé bí àwọn bá ń gun òkè Mọ́kọ́lá, ẹ́ńjìnnì á kàn máa ké lásán ni, mọ́tò ò ní yára.

Ẹni tó bá ti tú kílọ́ọ̀ṣì rí mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn túmọ̀ sí. Ọ́ìlì ti dé ojú púléètì kílọ́ọ̀ṣì tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà, ó ti ń yọ̀.

Ọkọ̀ kékeré onílẹ̀kùn mẹ́rin ni, tòkunbọ̀, ẹ́ńjìnnì 1.3 onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, ṣéènì ló ń yí tímìn rẹ̀, gíà ọlọ́wọ́ ni, táyà iwájú ló sì ń fà á. Ó ti rin díẹ̀ lé ní 180,000 kìlómítà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni Màmá, ọkọ̀ náà ò sì ní iṣẹ́ mìíràn ju ilé, ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Inú oṣù Kejì ni ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Mẹkáníìkì tó wà ládùúgbò wọn sọ gíà bọ́ọ̀sì kalẹ̀, ó pààrọ̀ púléètì kílọ́ọ̀ṣì àti síìlì ẹ̀yìn kíráńkì, irin ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ́ìlì padà dé. Ọkùnrin náà tún sọ ọ́ kalẹ̀, ó fi síìlì mìíràn sí i, ó sì fi gọ́ọ̀mù yí i ká dáadáa. Èyí ò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sú u, ó ní ẹ́ńjìnnì ló ti gbó, kí Màmá lọ sí ọjà Àràròmí ní Gate lọ ra ẹ́ńjìnnì Bẹ́líjọ́ọ̀mù. Màmá ti ń retí kí àjọ kàn wọ́n kí ẹni kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tó júwe ọ̀dọ̀ wa fún wọn.

Mo ń kọ ìtàn ọkọ̀ yìí sílẹ̀ nítorí pé kòtò tí ẹni tó ṣáájú mi jìn sí ni èmi náà jìn sí, tojú-tìyẹ́.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n sọ ohun tí síìlì ń ṣe gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ ò bi ara wa léèrè rí. Kíráńkì yọ orí síta ní ìhà méjì: ìhà kan ni púlì tó ń yí fáànù bẹ́ẹ̀tì wà, ìhà kejì ni fúláìwíìlì, irin róbótó tó wúwo, àti kílọ́ọ̀ṣì wà. Irin ń yí, ilé rẹ̀ ò yí, ọ́ìlì sì kún inú. A ò lè fi gásíkẹ́ẹ̀tì dí ohun tó ń yí. Síìlì la fi ṣe aṣọ́nà sí ẹnu ọ̀nà méjèèjì: òrùka irin tí rọ́bà bò, tí ètè rọ́bà tín-ín-rín wà nínú rẹ̀, tí sípíríìngì wẹ́rẹ́ kan sì so ètè náà mọ́ ara irin bí ìgbà tí obìnrin bá fi ọ̀já gba ọmọ mọ́ra.

Nọ́ńbà tó wà lójú síìlì kì í ṣe nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ nìkan. Ti ọkọ̀ yìí kà báyìí: 80 100 10. Irin tó máa gba àárín rẹ̀ kọjá jẹ́ mílímítà 80, ihò tí yóò jókòó sí jẹ́ 100, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 10. Bí ẹ bá ń lọ sí Gate, nọ́ńbà yìí ni kí ẹ mú lọ, kí ẹ sì mú síìlì ògbólógbòó dání. Orúkọ ọkọ̀ nìkan ò tó, nítorí pé ọkọ̀ kan náà lè ní ẹ́ńjìnnì oríṣi méjì, kí ontajà sì gbé èyí tó bá kọ́kọ́ bà lọ́wọ́ fún yín.

Ètè rọ́bà yẹn kì í fi gbogbo ara jókòó sórí irin. Ọ́ìlì tó fẹ́lẹ́ gan-an wà láàárín àwọn méjèèjì, òun ló ń jẹ́ kí rọ́bà má jóná. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe gé ètè náà: ìhà tó kọjú sí ọ́ìlì ga ṣónṣó, ìhà tó kọjú síta rọra dagun. Gígé yìí ló fà á tí ó fi jẹ́ pé bí irin ṣe ń yí, ṣe ni ètè ń gbá ọ́ìlì tó bá fẹ́ yọ padà sínú, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi ọwọ́ kó gàrí tó dà sílẹ̀ padà sínú igbá. Ẹni tó bá kọ ojú síìlì sódì ti yí ìṣe rẹ̀ padà. Ìta ni yóò máa gbá ọ́ìlì sí. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe náà ò sì kéré. Kíráńkì oní-mílímítà 80 tó ń yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan ń fi ara nu ètè yẹn ní nǹkan bíi mítà 12 àtààbọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyẹn tó 45 kìlómítà ní wákàtí kan, lórí rọ́bà tí kò nípọn tó èékánná.

Awọ ẹran ni wọ́n fi ń ṣe ètè náà nígbà kan. Walther Simmer, òṣìṣẹ́ Freudenberg, ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ bí ilé ìpọnwọ ní Weinheim ní Jámánì, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun tí a mọ̀ lónìí, ìdí sì nìyẹn tí àwọn mẹkáníìkì Jámánì ṣì ń pe síìlì ní Simmerring. Lóde òní, rọ́bà náà pín sí oríṣiríṣi. Rọ́bà nitrile tó wọ́pọ̀ lọ́jà lè gba ooru tó 100 tàbí díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì; èyí tí wọ́n ń pè ní Viton lè gba nǹkan bíi 200. Àwọ̀ kọ́ ni ẹ fi máa mọ̀ wọ́n, nítorí pé wọ́n lè pa rọ́bà láró sí àwọ̀ tó bá wù wọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tó le jù nínú wọn náà, nǹkan kan wà tí kò sí nínú agbára rẹ̀: a kò ṣe síìlì lásán báyìí láti dá afẹ́fẹ́ tó ń tì í dúró. Èyí tí ó lè gbà kò tó ìdajì bar, ìwọ̀n tí a fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́. Táyà ọkọ̀ kékeré ń gba bíi bar méjì, ẹ fi wé e.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn. Mo mọ̀ ọ́n, kò sì ràn mí lọ́wọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe dára. A fi ìka kan ọ́ìlì tó ń kán náà, a gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọ́ìlì gíà ní òórùn ìmí ọjọ́ tó máa ń di imú, èyí ò ní in. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni, ó dúdú, ó sì ń ṣàn. Ìyẹn yọ síìlì ọwọ́ iwájú gíà bọ́ọ̀sì kúrò nínú ẹ̀sùn, nítorí òun náà máa ń gba ihò kan náà kán sílẹ̀. Lẹ́yìn náà a fi kẹ́rọ́síìnì àti ọṣẹ fọ ìdí ẹ́ńjìnnì títí ó fi mọ́, a jẹ́ kó gbẹ, a wá fín àtíkè sí gbogbo ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àtíkè ọmọ náà ni, èyí tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Mo wa ọkọ̀ náà fún ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí a padà dé, tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, gbẹ, ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì gbẹ, funfun àtíkè ṣì wà níbẹ̀. Ibi tí ẹ́ńjìnnì ti fẹnu kan gíà bọ́ọ̀sì nìkan ni ó ti dúdú. Kò tún sí àríyànjiyàn, ibi síìlì ẹ̀yìn ni ọ́ìlì ti ń bọ̀.

A sọ gíà bọ́ọ̀sì kalẹ̀. Ohun tí a rí níbẹ̀ dùn mọ́ mi nínú ju bó ṣe yẹ lọ. Síìlì náà ti jókòó ní ìdagun: apá òkè rẹ̀ wọlé ju apá ìsàlẹ̀ lọ ní bíi mílímítà méjì. Ẹni tó fi sí i ti fi òòlù gbá a ní ìhà kan ṣoṣo. Gọ́ọ̀mù kún ibi gbogbo. Sípíríìngì ètè rẹ̀ ti bọ́, ó sùn sẹ́yìn síìlì bí ejò. Bẹ́ẹ̀ ni ètè náà ti yí padà síta ní apá kan, bí ètè ọmọ tó fẹ́ sunkún. Mo pe àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jọ, mo fi hàn wọ́n, mo sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ní ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí kò ní sùúrù. Mo wá rí àlàyé fún ohun gbogbo lójú ẹsẹ̀, kò sì sí ohun tó burú fún mẹkáníìkì tó àlàyé tó tètè dé.

Torí pé àmì kan wà níbẹ̀ tí ó lè ní ìtumọ̀ méjì. Ètè tó yí padà síta. Etí kíráńkì lè ká ètè síta nígbà tí wọ́n bá ń ti síìlì wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ń tì í láti inú náà lè ká a síta. Mo fi ojú mi rí i, mo tiẹ̀ fi ọwọ́ kàn án, mo sì tún fi ẹ̀bi rẹ̀ kún ti òòlù.

Mo ṣe iṣẹ́ mi bí ó ti yẹ. Mo fi èékánná wá ojú kíráńkì wò, ètè àwọn síìlì tó ti kọjá ti fa ìlà sí i, kò jìn, ṣùgbọ́n èékánná gbọ́ ọ. Nítorí náà mo jẹ́ kí síìlì tuntun jókòó síta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní mílímítà méjì, kí ètè rẹ̀ lè bọ́ sórí irin tó ṣì ń dán. Kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnnì ló gba èyí láyè; ti ọkọ̀ yìí gbà á. Mo gé ike ìgò ohun mímu, mo fi ká etí kíráńkì kí ó má baà gé ètè, mo fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó mọ́ pa ètè náà, mo sì fi òrùka bẹ́árìn àlòkù tó ṣe rẹ́gí tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, yíká-yíká. (Síìlì tí ètè rẹ̀ jẹ́ Teflon ò fẹ́ ọ́ìlì kankan lára rẹ̀ nígbà tí a bá ń fi í sí i, gbígbẹ ni, ẹ máa ka ohun tó wà lára páálí rẹ̀.) Mo fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ sí eyín àwọn nọ́ọ̀tì fúláìwíìlì, nítorí pé ní àwọn ẹ́ńjìnnì kan, ihò wọn já sí ibi tí ọ́ìlì wà, ọ́ìlì a sì máa gba eyín wọn jáde, a óò máa bá síìlì jà lórí ohun tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Púléètì kílọ́ọ̀ṣì tó ti mu ọ́ìlì, mo dà á nù. Wọ́n máa ń sọ pé kí á fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, kí á sì sá a sóòrùn. Mo ti ṣe é rí. Kì í pẹ́ tí ọ́ìlì tó ti wọ inú rẹ̀ fi ń jáde padà bí ara rẹ̀ bá ti gbóná.

Màmá gbé ọkọ̀ wọn lọ. Ọjọ́ kẹta, wọ́n pè wá pé páálí gbẹ. Ọjọ́ keje, wọ́n pè láti súre fún wa. Ọjọ́ kẹsàn-án, ó ṣì gbẹ.

Ọjọ́ kọkànlá, wọ́n wọlé, wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Ọmọ mi, páálí mìíràn tún dé o."

Mo fẹ́ parọ́ pé ara mi balẹ̀, àmọ́ kò balẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ayédèrú síìlì ni wọ́n tà fún mi. Mo ti ń pe ẹni tó tà á. Mo ti ní kí àwọn ọmọ gbé jáàkì wá, kí á tún sọ gíà bọ́ọ̀sì kalẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi kan, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló ti wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ó pariwo láti ibẹ̀: "Ọ̀gá, síìlì iwájú náà ti ń sun ọ́ìlì."

Síìlì iwájú kọ́ la bá wí. A ò fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, àtíkè ara rẹ̀ funfun báláú. Mo sọ fóònù kalẹ̀. Aṣọ́nà kan lè sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́. Bí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà méjèèjì bá wá ṣubú lọ́jọ́ kan náà, ẹni tó wà nínú ilé ló yẹ kí á lọ wò.

A tan ẹ́ńjìnnì, a jẹ́ kó wà ní sìlóò, kó máa rọra ṣiṣẹ́ lójú kan, mo sì ṣí ìdérí ibi tí a ti ń rọ ọ́ìlì. Atẹ́gùn gbígbóná fẹ́ sí mi lójú. Nígbà tí mo di ìdérí náà padà tí ọmọ náà tẹ tọ́tù díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè sáré, géèjì ọ́ìlì yọ sókè nínú ihò rẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ẹni ń yọ orí wo ìta. Mo ní kí wọ́n bá mi mú ọ̀rá pure water tó ṣófo wá. A gé e, a tẹ́ ẹ bo ojú ihò ọ́ìlì, a di etí rẹ̀ mú. Lórí ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ dá, ọ̀rá náà yóò rọra wọ inú, nítorí pé ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ inú ara rẹ̀ mu. Ti ọkọ̀ Màmá wú gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bí àpòòtọ̀ màlúù tí àwọn ọmọdé fẹ́. A gbé e lọ sí orí ọkọ̀ mìíràn nínú ọgbà, kí n lè dá ara mi lójú. Ó wọ inú níbẹ̀.

Afẹ́fẹ́ wo ni? Kò sí ẹ́ńjìnnì tí ríìngì píṣítìnnì, irin tó ń lọ sókè-sódò nínú rẹ̀, dí ojú ihò pátápátá. Díẹ̀ nínú èéfín tó ń jó lókè máa ń yọ́ gba ara ríìngì bọ́ sí ìsàlẹ̀, níbi tí ọ́ìlì àti kíráńkì wà. Oru omi wà nínú rẹ̀, pẹtiróòlù tí kò jó wà nínú rẹ̀. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde, yóò kóra jọ, yóò sì máa ti ohunkóhun tó bá rí. Láyé àtijọ́, páìpù kan ni wọ́n kàn fi ń sọ ọ́ kalẹ̀ sójú títì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, California ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáàfù PCV sí ọkọ̀ tuntun, tó ń dá èéfín náà padà sínú ẹ́ńjìnnì kí ó lè jó níbẹ̀. Rọ́bà kan ń fà á láti ara fáàfù lọ sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Rọ́bà kejì ń mú afẹ́fẹ́ tó mọ́ wá láti ilé fílítà. Èmi máa ń pè é ní imú ẹ́ńjìnnì fún àwọn ọmọ iṣẹ́.

Ohun méjì ló lè mú kí afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú: bóyá ríìngì ti jẹ, bóyá imú ti dí. Ẹni tó ní kí Màmá lọ ra ẹ́ńjìnnì ti mú ti àkọ́kọ́ láì wọ̀n ọ́n. A tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a fi géèjì wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n wọn, agbára tí píṣítìnnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. 175, 170, 175, 170 psi. Ẹ́ńjìnnì tó ń ka bẹ́ẹ̀ ò tíì gbó. Ó kù imú.

Ọmọ yẹn náà ló rí i. Ó yọ fáàfù PCV, ó mì ín sí etí. Ó yẹ kí ó máa ró kẹ́kẹ́kẹ́ nínú, kò ró. Ó tọ rọ́bà rẹ̀ lọ láti ibẹ̀, ó sì dúró. Nínú rọ́bà náà, nísàlẹ̀ ibi tí ojú ò ti lè tètè rí i, nọ́ọ̀tì sípánà 10 kan wà, wọ́n tì í wọlé, wọ́n sì fi kílíìpù fún un lọ́rùn. Rọ́bà kejì, èyí tó lọ sí ilé fílítà, ni gbogbo èéfín wá ń gbà jáde sódì, ẹrẹ̀ ọ́ìlì dúdú sì ti dí òun náà débi pé abẹ́rẹ́ la fi lè gún un. Mo ṣí ilé fílítà. Ìdajì fílítà ti rin fún ọ́ìlì. Ojú mi tún rí i pé àmì kẹta nìyẹn tí ì bá ti bá mi sọ̀rọ̀ bí mo bá ṣí i ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́.

Mo lọ jókòó ti Màmá lórí bẹ́ǹṣì. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi wọ́n ní ọjọ́ kìn-ín-ní: kí ni wọ́n ṣe sí mọ́tò yìí gbẹ̀yìn, kí ọ́ìlì tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò? Wọ́n ronú. "Kò sí o. Àyàfi ti sìlóò tó ń ga tó ń sọ̀kalẹ̀ lóṣù Kìn-ín-ní. Rewáyà kan bá mi ṣe é, kò tiẹ̀ gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láti ìgbà yẹn ni sìlóò rẹ̀ ti jókòó jẹ́ẹ́."

Gbogbo rẹ̀ wá yé mi. Rọ́bà náà ti là lápá kan, ó ń fa afẹ́fẹ́ ìta, sìlóò wá ń ṣe ségesège. Ọkùnrin yẹn wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, ó rí i, ó sì fi nọ́ọ̀tì dí i. Sìlóò dúró lóòótọ́, Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, owó rẹ̀ ò pọ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ọ́ìlì kọ́kọ́ kán. Kò sí nínú àwa mẹkáníìkì méjì tó gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀ tó béèrè nípa sìlóò, torí pé ọ́ìlì ni wọ́n gbé wá bá wa.

Ìbéèrè kejì ló tú ti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo béèrè pé níbo ni wọ́n wa ọkọ̀ dé láàárín ìgbà tí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ wa. Àdúgbò ni, wọ́n ní, ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ kẹwàá ni wọ́n lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde fún ìnáwó, wọ́n sì padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń sáré tí ẹrù wà lórí rẹ̀ ń yọ́ èéfín sísàlẹ̀ ju èyí tó ń rọra lọ sí ọjà. Nínú ìlú, ihò abẹ́rẹ́ yẹn tó o láti mí. Lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú, kò tó. Ogún ìṣẹ́jú tí mo fi wa ọkọ̀ yí àdúgbò ká lẹ́yìn àtúnṣe, tí mo sì fi ń yangàn pé mo ti dán an wò, ò lè fi ohunkóhun hàn mí.

Báyìí la ṣe dé ibi tí mo ti fẹ́ ṣe àṣìṣe kan sí i. Mo ṣì fẹ́ sọ gíà bọ́ọ̀sì kalẹ̀, mo ní síìlì ẹ̀yìn ti jò, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọmọ náà ló sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ ò ṣe jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣí imú rẹ̀ ná, ká sì wò ó." Mo gbà fún un, kì í ṣe torí ọgbọ́n mi, ó rẹ̀ mí ni. A ra fáàfù PCV tuntun, rọ́bà méjì tuntun tó jẹ́ ti ọ́ìlì, kì í ṣe rọ́bà omi tí ọ́ìlì máa sọ di jẹ́lọ̀ láàárín oṣù díẹ̀. A fọ ojú ihò tí wọ́n ń lò. A tún fi ọ̀rá dán an wò, ó wọ inú. A fọ ìdí ẹ́ńjìnnì, a fín àtíkè, mo sì ní kí Màmá fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún wa ní ọjọ́ kan. Mo wà á lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, mo wà á padà, ní ọjọ́ ọjà tí ọkọ̀ ẹrù pọ̀ lójú ọ̀nà tí mo sì ní láti máa tẹ tọ́tù dáadáa kí n tó lè yà wọ́n.

Síìlì ẹ̀yìn gbẹ. Síìlì kẹta yẹn, èyí tí mo ti fẹ́ pe ontajà rẹ̀ ní olè, kò ní àrùn kankan.

Ti iwájú ṣì ń sun díẹ̀. Òun ni àtilẹ̀wá, ètè rẹ̀ ti le bí èékánná látàrí ọdún àti ooru, títì tí wọ́n tì í ni ó kàn fi gbà láti ṣubú. Yíyọ tirẹ̀ rọrùn: a tú púlì, a lu ihò wẹ́rẹ́ kan sí ojú irin síìlì náà, a fi gírísì sí ẹnu ìlu kí irin lílọ̀ má baà wọlé, a yí sukúrù kan sínú rẹ̀, a sì fi púláyà fà á jáde. Sukudiráfà tí ọ̀pọ̀ wa fi ń hú u máa ń ha kíráńkì, ìhá yẹn ni síìlì tuntun yóò sì máa gbà jò. Wákàtí méjì ni gbogbo rẹ̀ gbà wá.

Màmá san owó fáàfù, owó rọ́bà, owó síìlì iwájú àti ti ọ́ìlì. N kò gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn fún apá kejì náà. Àjọ tí wọ́n kó, wọ́n fi tún òrùlé ṣe.

Ohun méjì ti yí padà nínú ọgbà wa látìgbà náà. Ọkọ̀ tó bá wọlé tìtorí ọ́ìlì, ọ̀rá pure water ni yóò kọ́kọ́ kàn án, kí jáàkì tó kàn án. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, owó rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tó bá sì yọ síìlì ògbólógbòó gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, kí ó sì kà á fún mi kí ó tó fi tuntun sí i. Ètè tó le tó sì sán, ooru tàbí ọjọ́ orí ni. Ètè tó ya lójú kan, ẹni tó fi í sí i ni. Ètè tó wú tó sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, ohun tí kì í ṣe ọ́ìlì rẹ̀ ni ó ti mu. Èyí tó ti jẹ fẹ̀ yíká láìní ìpalára mìíràn, iṣẹ́ ló ṣe parí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó bá ká síta, ẹ má tètè dá ẹni tó fi í sí i lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ lọ wo imú ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì ń dà mí láàmú nípa ọkọ̀ náà, ti síìlì ẹ̀yìn àkọ́kọ́, èyí tó bá a ti òkè òkun wá kí ẹnikẹ́ni tó sọ gíà bọ́ọ̀sì kalẹ̀ lóṣù Kejì. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òun náà ò ní àrùn kankan. Mo bi Màmá bóyá wọ́n rí i. Wọ́n ní àwọn rí i lóòótọ́, pé ọmọ iṣẹ́ ibẹ̀ fi ẹsẹ̀ gbá a bíi bọ́ọ̀lù, ó sì wọ inú gọ́tà lọ.